Ọ̀nà Ọ̀yọ́ Tí N Kò Tíì Rìn

Ìwé pélébé kan wà lára ògiri yàrá mi ní Ìbàdàn. Mo fi bírò fa ìlà kan sínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òjòó ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo kọ sí òkè. Mọ́níyà, Akínyẹlé, Ìròkò, Fìdítì, Jọ́bẹ̀lé, Ìlóràá, Ọ̀yọ́ àti Òdò-Ọbà ló wà láàrin wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ ìwé náà ni mo kọ ọjọ́ tí mo fẹ́ gbéra sí. Mo ti fa igi lé ọjọ́ náà lórí lẹ́ẹ̀mẹ́rin báyìí, débi pé àyè tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kò gbà ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ mọ́.

Ìrìn ẹsẹ̀ ni mò ń sọ, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í ṣe ìrìn ọkọ̀. Láti Òjòó dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bíi 100 kìlómítà. Awakọ̀ tí ọ̀nà bá dá fún yóò parí rẹ̀ láàrin wákàtí méjì; ọjọ́ márùn-ún ni èmi fi í sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ síta, ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé ọkọ̀ ti tán ní páàkì ni?” Ẹlòmíràn bi mí bóyá ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ilẹ̀ wa, bí a bá rí ènìyàn tó ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, a máa ń gbà pé nǹkan ló lé e. N kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí nígbà náà.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé. Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba kéde ní oṣù karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí lítà epo kan sì fò láti nǹkan bíi ₦185 kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ mélòó kan, mo lọ kí wọn, mo sì ń ráhùn nípa owó ọkọ̀ tí mo san. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn síwájú lórí ẹní, wọ́n wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ti dàgbà. Wọ́n ní, “Àdùkẹ́, ẹsẹ̀ tí o ń wò yìí mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn ín.” Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́. Wọ́n ní kí n lọ bu omi wá. Nígbà tí mo fi máa gbé omi dé, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń sọ.

Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni mo gbé padà sí Ìbàdàn, tí mo sì kọ́ ilé ńlá lé lórí. Mo rò ó pé ọjà ni wọ́n ń ná. Mo rí ọmọbìnrin kékeré kan lójú inú mi, igbá èlùbọ́ lórí rẹ̀, tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Mo sọ fún ara mi pé èmi yóò rin ọ̀nà yẹn láti fi yẹ́ wọn sí nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Nítorí pé Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo fi ìdajì ọ̀nà kún un kí ó lè gùn tó ohun tí ènìyàn lè fi yangàn.

Ẹni tó bá kàwé nípa èdè Yorùbá kò lè ṣe kó má sá sínú ìwé kó tó ṣe ohunkóhun. Mo wá àkọsílẹ̀ W. H. Clarke rí, ajíhìnrere ọmọ Amẹ́ríkà tó rin ilẹ̀ Yorùbá káàkiri láti ọdún 1854 sí 1858, J. A. Atanda ló ṣe olóòtú rẹ̀ tí Ilé Ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn fi gbé e jáde ní ọdún 1972. Mo ka ìtàn Hugh Clapperton àti Richard Lander, tí wọ́n gbéra láti Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, tí wọ́n sì wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826. Méjì nínú àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ gbéra, Pearce àti Morrison, kò dé ibẹ̀ láàyè. Àìsàn ló pa wọ́n lójú ọ̀nà. Mo tún rí i pé ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba Òṣogbo kọjá sí Ìlọrin, ó sì fi Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ lápá kan, tí ó fi jẹ́ pé orí ènìyàn ló ń ru ẹrù láàrin ìlú méjèèjì kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbilẹ̀. Gbogbo èyí ni mo kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi pẹ̀lú ayọ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo kà, tí mo sì fò dá. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí tó dá rìn. Ní ayé ogun, àwọn oníṣòwò a máa kó ara wọn jọ sí ẹnu ibodè, wọn a dúró de ara wọn, wọn a san owó fún oníbodè, wọn a sì wá jagunjagun tí yóò sìn wọ́n. Bí ọ̀nà kò bá dára, wọ́n lè dúró pẹ́ ju bí wọn yóò ti rìn lọ. Àkàrà-Ògùn tí Fágúnwà kọ ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1938 nìkan ni mo mọ̀ tó kàn gbé ìbọn kọ́ èjìká tó sì wọ igbó lọ, tí ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó ti bá onílé tí yóò sùn sí sọ̀rọ̀. Ó hàn gbangba pé òun ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ní tòótọ́, èmi nìkan kọ́ ni mo kọ́kọ́ wà nínú ètò náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ gboyè ní yunifásítì gbà láti bá mi rìn. Oṣù kọkànlá la fi ìrìn náà sí, nítorí òjò yóò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ kò sì ní tíì le. A pín iṣẹ́: òun ni yóò wá ibi tí a ó máa sùn, èmi ni yóò máa kọ ìtàn. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, físà rẹ̀ sí Kánádà jáde. Ó wá bá mi nílé lálẹ́, kò lè wo ojú mi, ó ní, “Ìwọ náà mọ̀ pé ìrìn àjò lèyí náà.” Mo bá a yọ̀. Inú mi sì bàjẹ́. N kò mọ èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì. Ó gbé báàgì àgbékọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi kó tó lọ. Báyìí ni igi àkọ́kọ́ ṣe lé orí ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo wá pinnu pé n ó dán ara mi wò fúnra mi, kí n mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi gbà á. Mo ra bàtà àlòkù kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣì le, mo fi oṣù kan àbọ̀ rin àyíká ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn láàárọ̀ láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mú ọjọ́ Sátidé kan láti rin Mọ́níyà sí Fìdítì, ohun tí kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ. N kò sọ fún màmá mi.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀ ni mo kúrò ní Mọ́níyà. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ dùn ju oyin lọ. Ìrì ṣì wà lórí koríko, àwọn tó ń dín àkàrà ń ki mí, mo ń kí wọn padà, mo sì ń rí ohun tí ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn rí: ibi tí wọ́n ti ń sá gbẹ̀rẹ̀fu èlùbọ́ sórí àpáta, orúkọ àwọn abà lára pátákó kéékèèké, ajá tó ń sùn sí àárín ọ̀nà eléruku bí ẹni pé òun ló ni ín. Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa ni ayé yí padà. Àwọn tírélà tó ń lọ sí òkè ọya ń fẹ́ atẹ́gùn lù mí bí wọ́n ti ń kọjá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò fẹ̀ tó ibi tí ẹsẹ̀ méjì ti lè dúró, gbogbo ọlọ́kadà ló ń dúró tì mí. Èyí kò jẹ́ ìyọnu, àánú ni. Ẹnìkan ní òun yóò gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹlòmíràn bi mí bóyá olè ló gba fóònù àti owó mi. Nígbà tí mo ní mo kàn ń rìn ni, ó wò mí, ó ṣàdúrà fún mi, ó sì wa ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Kò ju kìlómítà mélòó kan tó kù kí n wọ Fìdítì tí tírélà kan fọn fèrè lẹ́yìn mi. Mo yà, mo tẹ etí kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sì rọ́. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó mọ ìrora rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ọsàn lábẹ́ àtíbàbà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n mú mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, wọ́n bọ́ bàtà náà kúrò lẹ́sẹ̀ mi, wọ́n da omi tútù lé e lórí. Wọ́n wo báàgì ẹ̀yìn mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n fa ohùn wọn sílẹ̀ kí àwọn tó wà nítòsí má baà gbọ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ló lé ọ?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sẹ́ni tó lé mi. Wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n bó ọsàn méjì fún mi, wọ́n ní kí n máa mu ún, pé bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, kí n sọ ọ́, pé bí n kò bá fẹ́ sọ ọ́, kò burú.

Bàbá kan tó ń to eegun ní Mọ́níyà wò ó, ó ní kò dá, ó rọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Igi kejì.

Igi kẹta kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí mo túmọ̀ ìwé fún jẹ mí lówó fún oṣù mẹ́rin, owó náà sì ni mo fẹ́ fi gbọ́ bùkátà ìrìn náà. Àwọn tó rò pé ìrìn ẹsẹ̀ kò náni lówó kò tíì gbìyànjú rẹ̀ rí. Wákàtí mélòó kan ni ènìyàn fi ń jẹun nínú ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ìrìn ẹsẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni, omi ọjọ́ mẹ́ta ni, ibùsùn alẹ́ méjì ni, owó iṣẹ́ tí ènìyàn kò sì rí ṣe ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún wà lẹ́yìn.

Igi kẹrin ni ti ààbò, òun ló sì sún mọ́ bíba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ irú ìròyìn tí à ń gbọ́ nípa ajínigbé. Mo lọ sí páàkì kan ní Ọ̀yọ́, mo bi awakọ̀ mẹ́ta ní ìbéèrè kan náà nípa ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, mo gba ìdáhùn mẹ́ta. Èkíní ní kò sí wàhálà rárá. Èkejì ní ọ̀sán nìkan ni, pé ẹni tó bá fẹ́ràn ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá òun lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta kò dáhùn, ó ní, “Ṣé o lọ́kọ?” Mo lọ sí àgọ́ agbófinró kan, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ sì gbà mí ní ìmọ̀ràn pé kí n wọ ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí mo bá pàdé lẹ́yìn ibẹ̀ ló fún mi ní ọ̀rọ̀ gidi. Ó ní ìbéèrè mi kò pé. Ó ní, “Má béèrè bóyá ọ̀nà dára. Béèrè ẹni tó mọ̀ pé o wà lórí rẹ̀.”

Àbúrò màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìbejì, gbọ́ nípa páàkì tí mo lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí wa. Wọn kò kọ̀wé, ohùn ni wọ́n gbà sílẹ̀, ìṣẹ́jú méje gbáko. Wọn kò ní kí n má lọ. Wọ́n ní bí n ó bá lọ, n kò gbọ́dọ̀ dá lọ. Ọlọ́kadà kan tí ẹbí mọ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò gbọ́dọ̀ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, n kò sì gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn aago mẹ́rin. Mo gbọ́dọ̀ fi tó àwọn baálẹ̀ abà tí mo bá máa gbà kọjá létí ṣáájú. Mo sì gbọ́dọ̀ máa pè wọ́n ní wákàtí wákàtí. Mo gbọ́ ọ tán, mo sunkún. Mo rò pé ọgbọ́n tí àgbàlagbà fi ń sọ pé rárá ni. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó tún un gbọ́, tí mo sì rántí oníbodè inú ìwé mi, àti àwọn oníṣòwò tó ń dúró de ara wọn.

Nínú gbogbo ariwo yìí, màmá mi kò sọ nǹkankan. Wọn kò ní kí n lọ, wọn kò ní kí n má lọ. Bí mo bá ti dárúkọ Ọ̀yọ́, wọn á dìde lọ wo ìkòkò tó wà lórí iná, bí kò tilẹ̀ sí ìkòkò lórí iná. Olùkọ́ ni wọ́n, ẹnu wọn kì í sì í dí bí wọ́n bá ní ìdí láti bá ènìyàn wí. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí ju ìṣẹ́jú méje Bàbá Ìbejì lọ.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, iná ti lọ, a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, à ń já ewédú nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ọ̀rẹ́ mi. Mo ń sọ fún wọn nípa ìyá ọlọ́sàn Fìdítì. Mo sọ ọ́ bí àwàdà: mo ṣe bí wọ́n ti fa ohùn wọn sílẹ̀, mo ní, “Ta ló lé ọ?” Màmá mi dá ọwọ́ dúró.

Wọ́n ní, “Kì í ṣe ọjà ni wọ́n ń lọ o.”

Mo ní, “Àwọn ta, mà?”

Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyí, n kò ní fi kún un. Ọ̀yọ́ ni ìyá Ìyá Àgbà lọ́kọ sí. Kò dára fún wọn níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n kúrò nílé ọkọ, wọ́n kọrí sí ilé bàbá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kò wọ ọkọ̀ nítorí pé kò sówó, àti nítorí pé ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní páàkì, wọ́n á rí i. Ìyá Àgbà, tí ọjọ́ orí wọn kò ju bíi mẹ́jọ lọ, ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ ọwọ́ kan wà lẹ́yìn wọn, ara rẹ̀ sì ń gbóná kí wọ́n tó gbéra. Ní ọjọ́ kejì, ní abà kan tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, ọmọ náà kú. Àwọn ará abà náà bá wọn sin ín. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Àgbà ló ń kó ọ̀já tí wọ́n fi pọn ọmọ náà bọ̀ lọ́wọ́. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn títí wọ́n fi délé.

Ìyá Àgbà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi màmá mi, lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò tún un sọ mọ́.

N kò mọ ohun tí n bá sọ. Mo ń wo ewédú tó wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kò dára láti sọ, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́: àwòrán bàtà àlòkù mi ni mo rántí, èyí tí mo ti yà, tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ dídùn sábẹ́ rẹ̀, tí mo fẹ́ gbé sórí Instagram ní ọjọ́ tí n ó bá gbéra. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà ọjà ìyá ìyá mi ni mò ń tọ̀. Mo pa á rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Fún oṣù kan gbáko ni n kò wo ìwé ara ògiri. Mo gbà pé ètò náà ti parí, àti pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Màmá mi ló wá sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń wọ aṣọ iṣẹ́, pé kí n lọ bi Ìyá Àgbà fúnra mi. Wọ́n ní, “Àwọn ló ni ọ̀nà náà. Àwọn ló lè ní kí o má rìn ín.”

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Àgbà ti mọ̀ pé mo ń bọ̀, ó sì dá mi lójú pé wọ́n mọ ohun tí mo bá wá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní màmá ti sọ fún mi, pé bí wọn kò bá fẹ́ kí n rin ọ̀nà náà, n kò ní rìn ín, n kò sì ní tún dárúkọ rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ títí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé kí ni n ó máa jẹ lójú ọ̀nà. Mo ní gààrí, ẹ̀pà, ẹyin àti búrẹ́dì. Wọ́n ní búrẹ́dì kì í gbéni dúró, kí n gbé ẹ̀kọ dání.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, wọn kò wò mí. Wọ́n rántí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò mu lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Wọ́n rántí odò kan tí omi rẹ̀ dé wọn ní àyà. Nígbà kan wọ́n ní lẹ́yìn odò náà ni abà yẹn wà, nígbà tí ó yá wọ́n ní kí wọ́n tó dé odò ni. Mo mú bírò jáde láti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba bírò náà lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní, “Má wá ibẹ̀. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ kàn máa kọjá.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni ‘ẹ’? Èmi nìkan ni.”

Wọ́n ní, “Ìyá mi dá rìn. Ìwọ kò ní dá rìn.” Bí mo ti ń dìde ni wọ́n tún pè mí padà, pé kí ló dé tí mo fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn. Mo ṣàlàyé pé kí ìrìn náà lè gùn ni. Wọ́n yọ ṣùtì ètè. “Kí ni mo mọ̀ nípa Ìbàdàn?”

Báyìí ni ìrìn 100 kìlómítà mi ṣe di ìlàjì, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tó lé díẹ̀ ní 50 kìlómítà, fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá ọ̀nà tí n ó fi dá apá Ìbàdàn padà sínú ètò náà, bí ẹni tí wọ́n gé aṣọ rẹ̀ kúrú. Mo ti sọ 100 kìlómítà fún àwọn ènìyàn púpọ̀ jù.

Ní báyìí, ètò náà ti di ti gbogbo ẹbí, kò sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Bàbá Ìbejì ti rí ọlọ́kadà kan, ọmọ ìbátan wa, tó gbà láti máa wa ọ̀kadà rẹ̀ tẹ̀lé wa bí ìgbín fún ọjọ́ mẹ́ta, bí a bá ra epo fún un, tí a sì san owó tí ì bá pa. Mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn baálẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀kan pè mí lórí fóònù láti sọ pé gbọ̀ngàn iléèwé abà àwọn wà nílẹ̀ fún wa láti sùn, pé kí a mú ẹní tiwa wá. Òmíràn fẹ́ mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí mo wà, àti bóyá n ó bá àwọn gbẹ́ kànga. Méjì kò tíì dáhùn, n kò sì lè gba ibi tí wọn kò ti dá mi lóhùn kọjá láìrí ìbínú Bàbá Ìbejì, nítorí náà mo ń dúró. Oṣù kìn-ín-ní ni mo kọ sí àyè tó kẹ́yìn lára ìwé ògiri, pẹ́ńsùlù ni mo sì fi kọ ọ́. Ní àná ni ọlọ́kadà wa rán iṣẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àbúrò òun ń ṣe ìgbéyàwó. Mo ti wá ìrésà.

Ní ti ẹni tí yóò bá mi rìn, mo bi ọ̀rẹ́ méjì, àwọn méjèèjì ní àwọn ń bọ̀, ọ̀kan ti yẹ̀ ẹ́ báyìí. Mo ń rò ó bóyá kí n bi ẹlòmíràn nígbà tí màmá mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ni, nínú bàtà kánfáàsì tí wọ́n fi ń lọ sí ìdíje eré ìdárayá iléèwé wọn. Wọn kò kọ nǹkankan sábẹ́ rẹ̀. Mo pè wọ́n. Mo ní, “Màmá, kí lèyí?” Wọ́n ní àwọn ti ń fi í rin pápá iléèwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé kí n má tíì sọ fún Bàbá Ìbejì. Wọ́n ní ṣé bàtà náà yóò gbà á.

Mo ní atẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti tín-ín-rín jù, kò lè dé Òdò-Ọbà. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá òmíràn lọ́dọ̀ ẹni tó ta tèmi, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì, kí n má sì ra aláwọ̀ funfun.